Ayọ̀ Ẹni tí a Yọ Kúrò Lóko Ẹrú Ẹ̀ṣẹ̀

Ní Àkùngbá, ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà àti ní gbogbo ilẹ̀ Àkókó, ọ̀rọ̀ ìdáǹdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń gbógun wá láti Bídà, tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú lọ, orí òkè àti inú ihò àpáta ni ọ̀pọ̀ àwọn baba wa sá sí. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, ìkólẹ́rú náà sì dẹ́kun.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí ẹnìkan bá wà nínú ihò àpáta lẹ́yìn tí ogun ti tán, tí ó gbọ́ ìròyìn náà ṣùgbọ́n tí kò gbà á gbọ́, kò ha ti bọ́ lọ́wọ́ ogun bí? Ó ti bọ́. Síbẹ̀ ebi ni yóò máa pa á, ẹ̀rù ni yóò sì máa bà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ Kristẹni rí. A ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní ayọ̀. Kí ni ó fà á?

Ohun kìíní ni pé wọn kò mọ ọkàn Ẹni tí ó tú wọn sílẹ̀. Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣóògùn, nígbà tí ó wà ní ọmọdé. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù April 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun. Ìwọ yóò rò pé ijó ni àwọn tí a gbà là yóò bẹ́ sí. Rárá o! Wọ́n rí ẹran tí a fi kọ́ nínú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn ni; wọ́n rí ọta àgbá tí a tò jọ, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni. Ìgbà tí wọ́n súnmọ́ ọn ni wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lára ẹran náà, tí wọ́n sì mọ̀ pé irin lásán ni ọta wọ̀nyí. Ẹni tí ó rò pé Ọlọ́run ń lúgọ dè é láti fìyà jẹ ẹ́ kò lè yọ̀. Kí ó súnmọ́ ọn, kí ó sì wò ó dáradára.

Ní Sàró ni a sọ Àjàyí kalẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ náà ni ó sì ti mọ̀, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí, pé oko ẹrú mìíràn wà tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ, èyíinì ni oko ẹrú ẹ̀ṣẹ̀, tí ọkọ̀ ogun kò lè gba ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù December 1825 ni a ṣe ìrìbọmi fún un.

Ohun kejì ni pé àwọn mìíràn ń sin Ọlọ́run bí ìwọ̀fà. Ní ayé àtijọ́, bí ènìyàn bá yá owó, òun tàbí ọmọ rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ náà kì í dín gbèsè kù, nítorí èlé ni iṣẹ́ jẹ́. Bí ìwọ̀fà sìn fún ogún ọdún, owó tí a yá ṣì wà nílẹ̀ bí ó ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń fi àwẹ̀ àti ọrẹ san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: ó ń ṣe làálàá, gbèsè kò sì tán. Kristi ti san owó náà tán lórí igi àgbélébùú. Iṣẹ́ tí a ń ṣe lẹ́yìn èyí, ọpẹ́ ni, kì í ṣe èlé. Ọmọ onílé pẹ̀lú ń kọ ebè, oòrùn sì ń pa á bí ó ti ń pa ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n orin ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, nítorí oko baba rẹ̀ ni.

Ọpẹ́ tòótọ́ a sì máa rántí àwọn tí ó kù nínú ìdè. Ní 1846 ni Crowther dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Kì í ṣe ẹ̀san ni ó bá wá, ìyìn rere ni. Níbẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1848 a sì ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà. Ní 1850 ni a tẹ Ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ sí èdè wa, ìwé tí orí kẹfà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ kúrò lóko ẹrú ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí okùn ti wà ní ọrùn rẹ̀ rí ni ó fi ọ̀rọ̀ náà sí wa lẹ́nu.

Nítorí náà, ará, nígbà tí o bá ru iṣu rẹ lọ sí ìdúpẹ́ ìkórè, rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí a dárí rẹ̀ jì ọ́, kí o sì dúpẹ́ fún un. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Olúwa wò sàn, ẹnìkan ṣoṣo ni ó padà. Má ṣe tún hú ohun tí Ọlọ́run ti sin. Má sì ṣe padà sọ́jà ẹrú ní ẹsẹ̀ ara rẹ, nítorí a kò dá ọ sílẹ̀ kí o lè máa ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì kan gbogbo ìjọ. Arákùnrin kan ti lè fi olè jíjà sílẹ̀, arábìnrin kan ti lè fi ìwà àtijọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwa a tún máa fi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà pè é lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi okùn sí ọrùn ẹni tí Kristi tú sílẹ̀. Kí olúkúlùkù wa fi ọpẹ́ rẹ̀ hàn lọ́dún yìí nípa jíjọ̀wọ́ ẹnìkan sílẹ̀. Ogun ti tán; ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ láti inú ihò àpáta, kí a sì mú ẹlòmíràn lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wa.