Dídá Òkúta Phenakite Mọ̀ Lórí Pápá: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ìfáárà

Phenakite wà lára àwọn òkúta tó ṣọ̀wọ́n tí àwọn tó ń kó òkúta jọ máa ń wá kiri. Ní ọdún 1833, Nils Nordenskiöld sọ ọ́ ní orúkọ tó wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹlẹ́tàn, nítorí pé ó jọ quartz púpọ̀. A máa ń rí i ní agbègbè Jos, níbi tí quartz àti topaz náà ti wọ́pọ̀. Awakùsà tí kò dá a mọ̀ lè tà á ní ọ̀pọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á náà lè san owó gọbọi lórí quartz lásán. Ó yẹ kí àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ mọ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àyẹ̀wò Mẹ́ta

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó.

Èkíní ni ojú. Ilà tó wà lára quartz máa ń dábùú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti phenakite máa ń lọ lóòró. Ti topaz náà ń lọ lóòró, ṣùgbọ́n topaz máa ń là pẹrẹsẹ níbi tó bá ti ṣẹ́, bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e. Phenakite kì í là bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni líle. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, quartz jẹ́ 7, phenakite jẹ́ 7.5 sí 8, topaz sì jẹ́ 8. Nítorí náà, phenakite lè ha quartz, ṣùgbọ́n topaz náà lè ha á. Àyẹ̀wò yìí yọ quartz kúrò, kò yọ topaz.

Ẹ̀kẹta ló ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ẹ wọn òkúta náà ní gbígbẹ. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n kékeré, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú so òkúta náà, kí ẹ rì í sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìdí ife. Ẹ wá fi iye tí òṣùwọ̀n bá sọ pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Bí òkúta bá wọn gíráàmù 29.6, tí òṣùwọ̀n sì sọ 10, ìdáhùn jẹ́ 2.96: ti phenakite nìyẹn. Quartz máa ń fún wa ní 2.65, topaz ní nǹkan bí 3.5. Bí àpáta mìíràn bá lẹ̀ mọ́ òkúta náà, ìdáhùn yóò ṣìnà.

Ìkìlọ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ òkúta yìí: beryllium wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ kòtò ìwakùsà àtijọ́ tí omi ti kún. Ẹ rán wọn létí pẹ̀lú pé òfin ìwakùsà ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀.

Ìkádìí

Ife, òwú àti òṣùwọ̀n kékeré tó fún kíláàsì. Ilé àyẹ̀wò ni yóò fi òǹtẹ̀ lù ú, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn òkúta kò ní tètè bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn.