Ta Ló Ń Ka Ẹyẹ ní Yábàá àti Múṣin?

Igún kì í ṣe ẹyẹ inú igbó nìkan. Irú rẹ̀ tó kéré, tí orí rẹ̀ pá, ti ń bá ènìyàn gbé nínú àwọn ìlú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tipẹ́tipẹ́, pàápàá níbi ìpẹran àti lórí ààtàn. Lónìí, ẹni tó bá jí ní Sùúrùlérè tó gbójú sókè, kannakánná ló máa kọ́kọ́ rí. Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á rí àwòdì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ọdún wo gan-an ni igún dínkù ní Èkó, mélòó ló kù, kí ló lé wọn, ìdáhùn tí àgbàlagbà máa fún wa kò ju pé "wọ́n pọ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé" lọ. Òótọ́ lè wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí ìjọba tàbí onímọ̀ tó lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Vibhu Prakash ti ka igún nínú ọgbà Keoladeo ní àwọn ọdún 1980. Nígbà tó tún kà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó rí i pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àkọsílẹ̀ méjèèjì yẹn ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àjálù dé. Ní ọdún 2004 ni wọ́n tó mọ ohun tó fà á: diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù. Bí màlúù bá kú, tí igún jẹ òkú rẹ̀, oògùn náà á ba kíndìnrín ẹyẹ náà jẹ́. Íńdíà fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ní ọdún 2006. Ká ní kò sẹ́ni tó kà wọ́n nígbà àkọ́kọ́ ni, kí ni wọn ì bá fi ti ìgbà kejì wé?

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, igún kékeré tó ń bá wa gbé nílùú ti wà láti ọdún 2015 nínú ìpele àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ó lé ní 2,000 nínú wọn tó kú ní Guinea-Bissau. Májèlé ni wọ́n fi pa wọ́n, wọ́n sì ti gé orí àwọn kan lọ. A mọ ohun tí orí igún ń ṣe nínú ìsọ̀ lẹ́kulẹ́jà ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ará òkèèrè.

Irú iṣẹ́ kíka ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ló sì ń ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni Nigerian Bird Atlas Project. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A.P. Leventis tó wà ní Jọ́ọ̀sì ló ń darí rẹ̀, láti ọdún 2015. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí àwọn àpótí lórí máàpù, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi kìlómítà 9 ní ìbú àti ní òòró. Àpótí kan ṣoṣo ló gbé Múṣin, Ojúẹlẹ́gba, Yábàá àti ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń bá kiri lójoojúmọ́ nínú dáńfó nìyẹn.

Ní àárọ̀ kùtù, ẹni tó fẹ́ ka ẹyẹ dúró létí ọ̀sà ní Akọ́kà. Ó ṣí BirdLasser, áàpù tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ náà, kò sì nílò dátà lásìkò yẹn. Ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ, wọ́n ń ya imọ̀ fi kọ́ ilé: ó tẹ orúkọ ẹ̀gà, fóònù á sì kọ àkókò àti ibi tó dúró sí sílẹ̀. Lékeléke fò kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹyẹ apẹja, aláwọ̀ dúdú àti funfun, ń lu ìyẹ́ lójú kan náà lókè omi, ó sì já sínú omi lójijì. Lórí ẹrẹ̀, ẹyẹ kékeré kan ń mi ìdí sókè sódò ṣáá. Ará Yúróòpù ni, ó wá sá fún òtútù. Wákàtí méjì ni kíkà náà gbọ́dọ̀ gbà, ó kéré tán, lẹ́yìn náà ó lè máa fi ẹyẹ tuntun kún un títí ọjọ́ márùn-ún á fi pé.

Wọ́n ń kọ ẹyẹ bí wọ́n ṣe rí wọn tẹ̀léra, ìdí sì wà fún un. Ẹyẹ tó bá pọ̀, òkè ìwé ló máa ń wà. Èyí tó bá ṣọ̀wọ́n, ìsàlẹ̀ ni. Iye ìwé tí orúkọ ẹyẹ kan wà nínú rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ká ní ogún ènìyàn fi ogún ìwé ránṣẹ́ láti inú àpótí kan náà lọ́dún yìí, tí àwòdì sì wà nínú 18. Bó bá di ọdún márùn-ún sí i tó wá jẹ́ pé inú 7 péré ló wà, nǹkan ti ṣe àwòdì nìyẹn. Nítorí èyí, ẹni tí kò mọ̀ ju ogún ẹyẹ lọ wúlò, bó bá ṣáà ti kọ kìkì èyí tó dá a lójú.

Lójú tèmi, apá yìí la kò kà sí tó nínú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àyíká. Gbígbin igi la fẹ́ràn. Láti ọdún 2008 ni ọjọ́ 14 oṣù Keje ti jẹ́ ọjọ́ igi gbígbìn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì dùn mọ́ mi pé ó wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn fọ́tò, ta ló padà lọ wò ó? Ní orílẹ̀-èdè Philippines, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún gbin igi máńgúróòfù, irú igi etí omi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ sókè lórí ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ní ọ̀pọ̀ ibi, 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè. Ibi tí omi ti máa ń bò wọ́n jù ni wọ́n gbìn wọ́n sí, irú igi tí wọ́n yàn kò sì bá ibẹ̀ mu.

Èso ọ̀kan nínú àwọn igi wọ̀nyí tilẹ̀ máa ń hù kó tó jábọ́ lára ìyá rẹ̀. Bí omi ọ̀sà bá ń wọlé tó sì ń jáde bó ṣe yẹ, tí ẹnikẹ́ni kò gé ìyá, èso á gbin ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀rá ni ọ̀tá rẹ̀, àti ike omi, àti yanrìn tí wọ́n fi ń kún etí omi láti kọ́lé. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣa ọ̀rá kúrò ní ẹsẹ̀ igi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó sì ń ka iye ọ̀mùnú tó yè, ṣe ju ẹgbẹ́ tó wá fi ọjọ́ kan gbin ẹgbẹ̀rún igi lọ. Títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2016, òfin ló ń mú wa jáde gbálẹ̀ ní Èkó ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Àárọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹyẹ lè kàn sí Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980 tó sì wà ní Lẹ́kkí, tàbí kó wá ẹgbẹ́ àwọn aṣọ́ẹyẹ. Kí ó má dá nìkan lọ, nítorí fóònù ọwọ́ àti awò awọ̀nàjíjìn máa ń fa ojú olè mọ́ra. Bó bá jẹ́ Màkókò ló ń lọ, kó kọ́kọ́ kí baálẹ̀, kó sì fi etí sílẹ̀ fún àwọn apẹja Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ. Wọ́n mọ ẹyẹ tó ń jẹ ẹja pẹ̀lú wọn, wọ́n mọ oṣù tó ń dé àti oṣù tó ń lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ ká pariwo. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2017. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń mú un. Bí o bá rí ihò igi tí odídẹrẹ́ ń yé sí, níbikíbi tó bá jẹ́, sọ fún àwọn tó ń darí iṣẹ́ kíka ẹyẹ, má sì gbé fọ́tò ibẹ̀ sórí Facebook. Ẹni tó ń fi àtè mú ẹyẹ náà ní fóònù.