Òfin Ìdẹ Pàkúté Nínú Eré Àgbéwọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹbìtì tí kò peku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ẹbìtì ọdẹ ni òwe yìí ń bá wí, nítorí pé pípa ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú pàkúté kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá pa ènìyàn lára, ẹni tí ó dẹ ẹ́ ni ó jẹ̀bi. Èyí ni pàkúté inú eré tí a lè pè ní eré àgbéwọ̀.

Nínú eré yìí, kò sí òǹwòran, kò sì sí ọ̀rọ̀ àkọ́sórí. Olúkúlùkù a gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀: ọ̀kan a di jagunjagun, òmíràn a di olè tàbí oṣó, wọn a sì jùmọ̀ wá ìṣúra lọ. Ní 1982, irú eré bẹ́ẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ní ilé olódi Peckforton, ní àgbègbè Cheshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Treasure Trap ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni Pàkúté Ìṣúra.

Òfin kìn-ín-ní ni pé kí pàkúté fọhùn, kí ó má ṣe ṣeni léṣe. Kílíìpù tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn tó fún iṣẹ́ yìí. A ó lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, a ó fi wáyà so wọ́n mọ́ bátìrì kékeré àti aago, a ó sì fi páálí há àárín irin méjèèjì kí wọn má baà kan ara wọn. A ó wá so òwú mọ́ páálí náà, a ó ta á kọjá ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ bá kan òwú, páálí a yọ, irin a kan irin, aago a sì dún. Nígbà náà ni adájọ́ eré yóò kéde pé ọfà olóró ti ba ẹni náà.

Òfin kejì ni ti ààbò. Òwú ìránṣọ tí ó tètè ń já ni kí a lò, kì í ṣe wáyà tàbí okùn ọ̀rá. Kò gbọdọ̀ ga dé ọrùn tàbí ojú, a kò sì gbọdọ̀ ta á sí orí àtẹ̀gùn tàbí ibi tí a ti ń sáré. Ẹni tí ó ń sá fún ẹranko inú eré kì í wo ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì kán, kì í ṣe ẹsẹ̀ eré ni ó kán.

Òfin kẹta ni pé kí ọgbọ́n lè borí pàkúté. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọdọ̀ lè rí òwú náà, kí ó di páálí mú ṣinṣin, kí ó sì gé òwú kúrò. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, aago yóò dún. Pàkúté tí ẹnikẹ́ni kò lè rí kì í dán ọgbọ́n wò, ìrẹ́jẹ ni.

Òfin kẹrin ni pé kí adájọ́ kọ ibi tí pàkúté kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, kí ó sì kà wọ́n nígbà tí a bá ń kó wọn kúrò. Ẹni tí ó ṣe pàkúté ni kí ó kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀.

Bí eré bá parí, tí ẹni tí pàkúté mú sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé, ẹbìtì náà ti mú eku, ó sì ti fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn.