Ariwo Àlùpùpù Kì Í Ṣe Agbára Rẹ̀

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nítorí òwe yìí ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí lórí ariwo àwọn àlùpùpù tí ó gba ìgboro kan ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. A kò kọ̀wé láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ yìí ti ṣe wá lóore púpọ̀: òun ni ó ń kó iṣu àti àgbàdo jáde láti oko tí mọ́tò kò lè dé, òun ni ó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ni ó ń gbé àwọn oníṣòwò dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n a kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí a máa fi etí àti oorun wa san gbèsè oore náà.

Ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ yìí ni pé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, a sùn sí ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní Ṣakí, ẹni tí ń ṣòwò iṣu. Ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀ kékeré, ìyá ọmọ sì ti gbé e pọ̀n láti ìrọ̀lẹ́. Ó ti tó aago kan òru kí ọmọ náà tó sùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àlùpùpù kan kọjá lójú pópó, ó ń dún bí ìbọn. Ọmọ ta jí, ó sì fi igbe ta. Ọ̀rẹ́ wa bínú gidigidi, ó ní ó yẹ kí Kábíyèsí fi òfin mú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun náà gbé àlùpùpù tirẹ̀ jáde láti lọ sí oko. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́ tí ó dáhùn, àwọn ewúrẹ́ tí ó wà lẹ́bàá ògiri sá lọ, ọmọ sì tún bú sẹ́kún nínú ilé. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Baálé mi, ṣé ẹni àná ni Kábíyèsí yóò kọ́kọ́ mú ni, tàbí ẹ̀yin?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀rẹ́ wa lára. Ó jẹ́wọ́ fún wa pé mẹkáníìkì kan ni ó gba òun níyànjú pé kí wọ́n yọ ìfun inú sàlẹ́ńsà náà dànù, kí ẹ́ńjìnì lè máa mí dáadáa, kí ó sì lágbára láti gun òkè. Láti ọjọ́ náà, ariwo ni òun rí, òun kò rí agbára. Irú ìmọ̀ràn yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìlú, tí wọ́n rò pé ohun tí ó bá dún jù ni ó lágbára jù. Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò láti ìdí rẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnì àlùpùpù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, epo àti afẹ́fẹ́ a máa gbiná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ni iná ń sọ nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ó dàbí ẹni pé a ń yin ìbọn kékeré 50 kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Iṣẹ́ sàlẹ́ńsà ni láti gba èéfín gbígbóná yìí, kí ó sì mú un la yàrá kékeré kan dé òmíràn kọjá. Bí ìró bá lu ògiri yàrá kan, a padà sẹ́yìn, a pàdé èyí tí ń bọ̀, wọn a sì pa ara wọn. Ó dà bí àlejò oníbìínú tí a mú gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan bọ́ sí èkejì nínú agboolé ńlá. Kí ó tó dé ìta, ìbínú rẹ̀ ti rọ̀. Ẹni tí ó bá tú ìfun sàlẹ́ńsà dànù ti wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ̀nyí palẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti wọn epo àti afẹ́fẹ́ inú kabúrétọ̀ rẹ̀ bá sàlẹ́ńsà tí wọ́n fi sí i mu. Bí a bá tú u, ìwọ̀n náà lè ṣì, ẹ́ńjìnì a sì máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ.

Ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń wá ìwòsàn sí ariwo yìí. Ní 1897, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Amẹ́ríkà, Milton Reeves àti Marshall Reeves, gba ìwé àṣẹ lórí sàlẹ́ńsà tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnì. Ní 1909, Hiram Percy Maxim gba tirẹ̀ lórí ohun tí ń pa ariwo ìbọn, ó sì lo ọgbọ́n kan náà fún ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ilẹ̀ wa yóò rántí orúkọ yìí, nítorí bàbá rẹ̀ ni ó ṣe ìbọn Maxim, èyí tí ó wà lára ohun ìjà tí àwọn Òyìnbó fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892. Bàbá ṣe ohun tí ń pariwo, ọmọ sì ṣe ohun tí ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹni tí ariwo ń kọ́kọ́ pa lára ni ẹni tí ó jókòó lórí ẹ̀rọ náà. Désíbẹ́lì ni a fi ń wọn ariwo. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní, bí ariwo bá tó désíbẹ́lì 85, kí ènìyàn má ṣe wà nínú rẹ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ó bá sì fi désíbẹ́lì 3 lé sí i, kí a dá wákàtí náà sí méjì. Bí a bá ṣe ìṣirò náà títí dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù. Ẹni tí ń gbé èrò láti òwúrọ̀ di alẹ́ ńkọ́? Etí tí ariwo bá ti pa, kò sí oògùn tí ó lè jí i. Ẹ má sì gbàgbé pé ilẹ̀ koríko ni ilẹ̀ wa. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀ta iná kan láti inú sàlẹ́ńsà tí ó ti fọ́ tó láti ràn mọ́ koríko gbígbẹ, kí ó sì jó oko olóko.

Ọ̀rẹ́ wa kò lọ sí oko mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó mú wa tọ wẹ́dà kan lọ, àgbàlagbà tí irin ti mọ̀ lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ ní kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Lẹ́yìn náà ó wo ibi tí páìpù gbé so mọ́ orí ẹ́ńjìnì, ó sì fi dúdú èéfín tí ó lẹ̀ yí ibẹ̀ ká hàn wá. Gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti jóná. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ń fún nọ́ọ̀tì méjèèjì le díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí ojú rẹ̀ má baà wọ́. Ẹ̀yin tí àlùpùpù yín ń ta pá-pá-pá nígbà tí ẹ bá dẹwọ́ iná rẹ̀, ẹ yẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó ná owó ńlá.

Èkejì, abẹ́ sàlẹ́ńsà ti dógùn-ún títí ó fi lu. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi wáyà dì mọ́ ọn. Ó yà wá lẹ́nu nígbà tí bàbá náà ní omi ni ó jẹ ẹ́ láti inú wá. Òtítọ́ sì ni: bí lítà epo bẹntiróòlù kan bá jóná, omi tí ó tó nǹkan bí lítà kan ni ó ń bá èéfín jáde. Bí ìrìn bá jìn, ooru a gbé omi náà lọ. Bí ó bá ṣe láti ilé dé ọjà nìkan, omi a dúró sínú irin. Bàbá gé ibi tí ó ti jẹrà kúrò, ó sì jó irin tuntun mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ni ìfun tí wọ́n ti yọ dànù. Ó mú páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 25, ó dí ìdí rẹ̀ tí yóò wà nínú, ó sì fi dírílì lu ihò yí ara rẹ̀ ká, kí èéfín lè gba ibẹ̀ wọlé kí ó tó jáde. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 5. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gbọ́: ihò 25 irú èyí ni ó fẹ̀ tó ẹnu páìpù náà gẹ́lẹ́. Bí ó bá dín sí i, a ti fún ẹ́ńjìnì lọ́rùn nìyẹn. Bàbá lu 50, kí ó má baà sí ìfura. Bóòtù ni ó fi dè é mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà, kò jó o pọ̀, kí a lè máa fà á yọ láti fọ ọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni kí a má dí páìpù oníhò náà, kí a wé kànìnkànìn irin mọ́ ọn lára, kí a sì fi òwú tí a fi gíláàsì ṣe bò ó. Òwú náà ni yóò máa mu ìró. Kì í ṣe òwú tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń lò o! Ìyẹn yóò gbiná. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi asbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe é, nítorí eruku rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má ṣe ki àkísà tàbí igi bọ ẹnu sàlẹ́ńsà. Bí èéfín kò bá rí ọ̀nà jáde, ẹ́ńjìnì yóò kú. Ẹ tú sàlẹ́ńsà kúrò lára àlùpùpù kí ẹ tó fi iná wẹ́dà kàn án, kí ó jìnnà sí epo. Ẹ má sì ṣe tan ẹ́ńjìnì nínú yàrá tí a tì, nítorí èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pani.

Nígbà tí wọ́n tẹ àlùpùpù náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò dákẹ́ bí ẹni tí ó sùn, ṣùgbọ́n a lè bá ara wa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìkígbe. Ọ̀rẹ́ wa gùn ún lọ sí orí òkè, ó sì padà wá sọ pé agbára rẹ̀ kò dín. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó jáde lọ sí oko, ọmọ rẹ̀ kò sì jí.

Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí ariwo láti 2009 lábẹ́ àjọ NESREA. Ṣùgbọ́n kí olófin tó dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ́kọ́ gbọ́ ti àlùpùpù tirẹ̀. A sì bẹ ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìpàdé yín. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ irin, oorun gbogbo àdúgbò sì ni èrè rẹ̀.