Ooru Mọ́kà àti Àpò Oògùn Àwọn Òbí Wa



Ọ̀sẹ̀ Hájì ọdún 2024 kò yẹ kó di ohun ìgbàgbé fún ẹbí tó ń múra láti rán òbí wọn lọ sí Mọ́kà. Sátidé, ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, ni ìdúró Àràfá, ọjọ́ kejì rẹ̀ sì ni Iléyá. Ní Iléyá yẹn nìkan, ilé iṣẹ́ ìlera Sáúdí ka ohun tó lé ní 2,700 èèyàn tí ooru mú. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ooru dé 51.8°C ní Mọ́sáláásí Haram. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mínísítà ìlera wọn, Fahd al-Jalajel, kéde pé èèyàn 1,301 ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 83 ni kò ní ìwé àṣẹ Hájì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn nínú oòrùn, láìsí ibi ìsinmi. Ẹni tó bá ní òun máa fi físà ìbẹ̀wò gbé ìyá yín lọ sí Hájì ní owó pọ́ọ́kú, ẹ má dá a lóhùn.

Ara èèyàn, nǹkan bí 37°C ni. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná ju ìyẹn lọ, ìlàágùn nìkan ló kù tí ara fi ń tu ara rẹ̀ lára, omi la sì fi ń làágùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi apoògùn nìyẹn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi Moduretic àti Lasix, iṣẹ́ wọn ni láti fa omi kúrò lára gba inú ìtọ̀. Nínú irú ooru yẹn, ìfúnpá lè wálẹ̀ jù, kí èèyàn dákú lójú ọ̀nà Jamarat. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ o! Ẹ kó gbogbo rẹ̀ tọ dókítà lọ ní oṣù kan ṣáájú ìrìn-àjò, pẹ̀lú páálí wọn. Ẹ má yọ oògùn orúnkún sílẹ̀: ibuprofen àti diclofenac lè ba kíndìnrín jẹ́ bí omi bá gbẹ lára. Piriton náà lè dín ìlàágùn kù. Ìyá kan kó àpò tirẹ̀ wá bá mi ní mọ́sáláásí, páálí méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀, amlodipine kan náà ló wà nínú méjèèjì, ó sì ń lo méjèèjì.

Ínsúlíìnì ń fẹ́ kúlà kékeré, ṣùgbọ́n kó má fara kan áìsì. Bó bá ti dì, ó ti bàjẹ́.

Àwọn ìyá wa kan kì í fẹ́ mu omi nítorí ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Mínà. Ẹ bá wọn sọ ọ́ láti ilé. Àwọn bàbá kan sì rò pé agbòòrùn kò tọ́ pẹ̀lú ìhúráàmù. Fìlà ni wọn kò gbọdọ̀ dé. Ó wà nínú hádíìsì Muslim pé wọ́n na aṣọ sókè láti fi ṣíji bo Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú ooru, títí ó fi ju òkò ní Jamarat.

Bí ara ẹnìkan bá gbóná janjan, tó ń sọ kántankàntan tàbí tó dákú, Paracetamol kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe ibà. Ẹ gbé e sí ibòòji, kí ẹnìkan pe àwọn elétò ìlera, kí àwọn yòókù da omi sí i lára, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, kí wọ́n fi áìsì sí ọrùn àti abíyá rẹ̀. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ Zamzam nìkan ló wà nítòsí, ẹ dà á sí i lára.