Ta Ló Kọ́kọ́ Sàba Lé Òwò?

Táyà ló mú mi yà sí Alápòtí, ní agbègbè Ọ̀tà, kì í ṣe iṣẹ́ ìròyìn. Bí fọkanáísà ṣe ń lẹ táyà náà lọ́wọ́, mo wá ìbòòji sábẹ́ àtíbàbà bàbá káfíńtà kan tó ń kan páléètì, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń to ẹrù lé lórí. Rédíò kékeré kan ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìpolówó ló ń ṣe: ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ ṣe ìdíje fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní startup. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò gba owó, ilé iṣẹ́ náà yóò sì fà á mọ́ra. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Bàbá gbé òòlù sílẹ̀. "Èwo ni kò ṣẹlẹ̀ rí? Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń kan igi fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Sàngó. Wọn ò fún mi lẹ́bùn rí o. Wọ́n ń ra ọjà mi ni."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Ó ní àwọn òṣómàáló ni. Ó ní ọkùnrin tí kò ní ju ẹsẹ̀ méjì àti ẹnu dídùn lọ yóò wọ ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, yóò gba aṣọ láwìn, yóò rù ú dé abúlé tí òyìnbó kò lè fojú kàn láéláé, yóò sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi máa pé. "Òyìnbó ló lọ́jà, àwa la mọ̀nà." Bàbá káfíńtà kọ̀ jálẹ̀. Awórì ni bàbá, ó sì ní àwọn bàbá òun ti ń gbé epo àti ekùrọ́ fún ilé iṣẹ́ òyìnbó kí Ìjẹ̀ṣà kankan tó mọ ọ̀nà Èkó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni. Bàbá bi í pé aṣọ wo ló rù dé Alápòtí rí. Èyí fa òwe, tọ̀hún fa òwe, nígbà tó yá ẹ̀fẹ̀ ti ń kan ìyá àti bàbá ara wọn. Kí wọ́n tó dá UAC, ilé iṣẹ́ òwò ńlá àwọn òyìnbó, sílẹ̀ ní 1929 ni irú òwò méjèèjì yìí ti wà, mi ò sì dá ẹjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí rédíò ń polówó, kí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ kéékèèké jọ sábẹ́ òrùlé kan, kí àwọn ńlá wá máa wò wọ́n, ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ.

Ìlú kan wà ní Ìpínlẹ̀ New York tó ń jẹ́ Batavia. Massey-Harris tó ń ṣe ẹ̀rọ oko ló ń bọ́ ìlú náà. Àwọn ni wọ́n bá Ferguson pọ̀ di Massey Ferguson, orúkọ tó wà lára katakata pupa tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ bí ẹní mowó. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n kó ẹrù wọn lọ, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará ìlú. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ kì í ṣe kékeré, inú rẹ̀ lé ní 800,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Ìdílé kan ní ìlú náà, àwọn Mancuso, rà á, wọ́n sì fi Joseph Mancuso ṣe alábòójútó rẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá ṣe ni Joseph kọ́kọ́ ṣe. Ó wá ilé iṣẹ́ ńlá kan tí yóò gba gbogbo ilé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò rí. Ta ni yóò gba ilé tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nínú ìlú tí ọwọ́ òṣì ti bà? Ló bá gé e wẹ́wẹ́. Ní 1959 ó ṣí i fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké: ẹni tó bá fẹ́ yàrá kan gba yàrá kan, ẹni tó bá fẹ́ igun kan gba igun kan. Ó fi akọ̀wé tí gbogbo wọn lè jọ lò sí i, ó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, ó sì ń bá wọn wá owó yá. Ọ̀kan lára àwọn ayálégbé rẹ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin di ọmọ adìyẹ. Bí Joseph ṣe ń káàkiri tó ń wá ayálégbé sí i, àwọn ènìyàn ń bi í pé kí gan-an ló ń ṣe nínú ilé àlòpatì yẹn. Ó bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé adìyẹ ni wọ́n ń sàba lé níbẹ̀, òun náà sì ń sàba lé òwò. Ẹ̀fẹ̀ yẹn kò tán nílẹ̀ mọ́. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé tí wọ́n ti ń tọ́ òwò kékeré dàgbà, orúkọ ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin, incubator, ni wọ́n ń pè é.

Kò yẹ kó ya ará Ọ̀tà lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ adìyẹ ló wà nídìí rẹ̀. Láti 1979 tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti gbé ìjọba sílẹ̀ tó sì wá dáko síbí ni wọ́n ti ń fi ẹyin àti adìyẹ mọ̀ wá lájò. Adìyẹ la mú níbẹ̀ o. Ẹ̀kọ́ ibi tí adìyẹ ń gbé ni a kò mú.

Nítorí nǹkan kan wà nínú ìtàn Batavia tí àwọn tó ń sọ ọ́ máa ń fò. Mancuso kò ṣe ìtọrẹ àánú. Owó ilé ló ń wá. Bí ayálégbé rẹ̀ bá kógbá wọlé, yàrá rẹ̀ ṣófo nìyẹn, nítorí náà ó ní ìdí pàtàkì láti má ṣe jẹ́ kó kógbá wọlé.

Lándílọ́ọ̀dù mìíràn ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ìdílé Amidi, tí wọ́n wá láti Iran, ń ta rọ́ọ̀gì ní Palo Alto, Kalifọ́níà, wọ́n sì ní ilé kan ní nọ́ńbà 165, University Avenue. Logitech gbé ibẹ̀ rí. Google gbé ibẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. PayPal náà gbé ibẹ̀, àwọn Amidi sì fi owó díẹ̀ sínú PayPal. Nígbà tó di 2006, Saeed Amidi dá Plug and Play sílẹ̀. Ohun tó fi kún ti Batavia ni pé ó lọ ń pe àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wá. Àwọn ńlá ń san owó kí wọ́n lè rí ohun tí àwọn kéékèèké ń ṣe kí ó tó di gbajúgbajà. Ní 2016 ni wọ́n bá Daimler, àwọn tó ń ṣe Mercedes nígbà náà, ṣe irú rẹ̀ ní Stuttgart, orílẹ̀-èdè Jámánì. Láti ìgbà náà, báńkì, ilé iṣẹ́ oúnjẹ, ilé iṣẹ́ adójútòfò, kálukú ló ń wá ọmọdé tí yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n tuntun.

Ti ilẹ̀ wa ńkọ́? Ìjà tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yábàá ní Èkó, wọ́n á ní 2010 ni ayé bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Bọ́sún Tìjání àti Fẹ́mi Longe dá CcHub, irú ilé bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ lójú ọ̀nà Herbert Macaulay. Mi ò sọ pé kì í ṣe ohun ńlá. Ọdún yẹn kan náà ni wáyà íntánẹ́ẹ̀tì MainOne, iṣẹ́ ọwọ́ Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ́, gba abẹ́ òkun dé Èkó, lẹ́yìn náà sì ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ wọ inú Yábàá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook dédé yọ síbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ìgboro. Tìjání fúnra rẹ̀ di mínísítà ní 2023. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ti ṣí ilé kan fún irú iṣẹ́ yìí ní Agége láti 1993. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Sàngó yóò débẹ̀ kí àkàrà ọwọ́ rẹ̀ tó tutù. Ta ló ń dárúkọ Agége lónìí? Ibẹ̀ ní òrùlé, ó sì ní àwọn oníṣẹ́ kéékèèké, àmọ́ kò sí ilé iṣẹ́ ńlá tó dúró bí oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà. Lójú tèmi, ohun tó fi Agége sẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ wo àwọn tó yọrí. Ṣọlá Akínládé àti Ezra Olúbi, tí wọ́n kàwé ní Babcock ní Ilíṣàn-Rẹ́mọ, dá Paystack sílẹ̀ ní 2015 kí oníṣòwò lè máa gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Stripe, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, fi owó sí i ní 2018, Visa náà fi sí i. Ní oṣù kẹwàá 2020, Stripe ra gbogbo rẹ̀ ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Ní 2019, Yamaha tó ń ṣe ọ̀kadà fi owó sínú MAX tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò nígbà náà. 

Èyí tó sún mọ́ Alápòtí jù ni Kobo360. Ẹni tó bá mọ agbègbè Ọ̀tà mọ àwọn alágbàtà tó máa ń jókòó sẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àjákọ. Wọ́n mọ ẹni tó ní tírélà, wọ́n mọ ẹni tó ní ẹrù, àárín méjèèjì sì ni wọ́n ti ń jẹun. Tírélà á kó ẹrù dé Kano, á sì sáré òfìfo padà wá, owó epo tó jó lọ́nà sì ti wọlé sínú iye tí ẹ ń ra ọṣẹ àti mílíìkì. Ní 2017 ni Obi Ozor àti Ife Oyedele kó iṣẹ́ alágbàtà yìí sórí fóònù. Unilever, Olam, Honeywell àti DHL di oníbàárà wọn. Ní 2019 ni Goldman Sachs, báńkì ńlá ní New York, ṣíwájú àwọn tó kó mílíọ̀nù 20 dọ́là sí i. Ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Goldman Sachs ni pé ilé iṣẹ́ ńlá ń gbé ẹrù lé wọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀bùn ìdíje kò lè ṣe ìyẹn.

Àwọn tó wà nítòsí wa gan-an wá ńkọ́? Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ni Yunifásítì Covenant wà láti 2002. Ibẹ̀ ni Ọdúnayọ̀ Ẹ̀wẹ̀níyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde, àwọn tó dá Piggyvest sílẹ̀ ní 2016. Arábìnrin kan ti ń ju 1,000 náírà sínú kóló onígi lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan, ó fọ́ ọ nígbà tí ọdún parí, ó gbé àwòrán rẹ̀ sórí Twitter, Ọdúnayọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí i. Kóló ìyá wa àgbà ló di ilé iṣẹ́ lórí fóònù. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n gbé e lọ. Yunifásítì Bells náà wà ní Ọ̀tà, wọ́n ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Láti géètì àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sí géètì àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọtí, irin àti ọ̀dà kò jìnnà, àmọ́ bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn odi yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí yóò sọ.

Àwọn odi kan tilẹ̀ ti ṣófo. Procter & Gamble ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Agbára ní 2017, wọ́n tì í ní ọdún tó tẹ̀ lé e. GSK tó ń ṣe oògùn kéde ní 2023 pé àwọn ń lọ. Wọ́n ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ ti di ilé ìjọsìn, àwọn mìíràn ti di gbọ̀ngàn àríyá. Mi ò bá àdúrà jà, mo sì máa ń jẹ ìrẹsì níbi ayẹyẹ. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan gé ọ̀kan nínú wọn wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń rọ irin, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun tuntun. Wọ́n tún ní àwọn oníṣẹ́ kéékèèké tó ń tajà fún ilé iṣẹ́ ńlá máa ń dúró oṣù mẹ́ta, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó rí owó wọn gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ ọ́ fún mi, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí n kọ orúkọ òun, nítorí kí oníbàárà má baà bínú.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé iṣẹ́ ní Sàngó, Ọ̀tà àti Agbára, ẹ dá owó ìdíje náà dúró ná, àti sọ̀wédowó onípáálí tí ẹ fi ń ya fọ́tò. Ẹ yan iṣẹ́ kan tó ń dà yín láàmú, ẹ gbé e fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ sì san owó wọn láàárín 30 ọjọ́.