Pọ́ǹpù epo oníná mànàmáná nínú ọkọ̀ akẹ́rù oní-dísù

Pọ́ǹpù epo oníná mànàmáná jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí agbára bátìrì ń yí, tí ó sì ń gbé epo dísù láti inú táǹkì lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń yí pọ́ǹpù tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan a máa yọ ti ẹ́ńjìnnì náà kúrò, wọn a sì fi oníná rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kò ní ọkọ̀ akẹ́rù pàápàá. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, tírélà kan ṣoṣo tí epo rẹ̀ kò gòkè mọ́ láàárín Ìbàfò àti Mówè tó láti dá ọkọ̀ dúró fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tí ń kó ìrẹsì bọ̀ láti Ọ̀fàdà, tí ó gba Mówè jáde sí márosẹ̀, yóò bá wọn jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ifọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ń gbà kọjá.

Pọ́ǹpù méjì ni ó wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni pọ́ǹpù agbépo, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó fa epo láti táǹkì, kí ó sì tì í gba inú fíltà kọjá. Agbára tí ó fi ń ti epo kì í sábà ju bar kan tàbí méjì lọ. Èkejì ni pọ́ǹpù injector, tí ń wọn epo, tí ó sì ń tì í dé ẹnu nọ́sù pẹ̀lú agbára ńlá. Nínú ẹ́ńjìnnì OM 352 ti Mercedes-Benz 911, ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí náìnì-ilẹ́fìn ní ilẹ̀ wa, epo gbọ́dọ̀ ní agbára nǹkan bí bar 200 kí nọ́sù tó lè ṣí. Nígbà tí Rudolf Diesel mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yọrí ní Augsburg, ní Jámánì, ní ọdún 1897, afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó fi ń fẹ́ epo wọlé. Ọdún 1927 ni ilé iṣẹ́ Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ǹpù injector jáde lọ́pọ̀ yanturu. Pọ́ǹpù oníná tí à ń sọ níhìn-ín rọ́pò agbépo nìkan.

Afẹ́fẹ́ ni ìdí pàtàkì tí a fi ń ṣe ìyípadà yìí. Pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnnì jìnnà sí táǹkì, fífà ni ó sì ń fa epo, bí ọmọdé tí ń fi strọ́ọ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí hóòsì bá lu níbì kan, tàbí tí ìdè rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, epo kì í kán sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé. Awakọ̀ yóò wo abẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ gbẹ. Síbẹ̀ ọkọ̀ kò lágbára mọ́, ó ń kú, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ó ṣòro láti ṣí. Epo kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀: pọ́ǹpù injector yóò tì, afẹ́fẹ́ yóò súnkì, nọ́sù kò sì ní ṣí. Nígbà náà ni mẹkáníìkì yóò tú bóòtù orí fíltà, tí yóò máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù títí ìfófòó yóò fi tán, tí yóò sì tún tú ìdè epo ẹnu nọ́sù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbé pọ́ǹpù oníná sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, títì ni yóò máa ti epo. Ihò kan náà tí ń fa afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò wá máa kán epo síta, ojú yóò sì rí i. Ibi tí pọ́ǹpù wà, nítorí náà, ṣe pàtàkì ju ohun tí ń yí i lọ.

Àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn kedere wà ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ Dodge Ram oní-Cummins tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1998 sí 2002 ní pọ́ǹpù oníná láti ilé iṣẹ́ wá, ṣùgbọ́n ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n so ó mọ́, ó sì ní láti máa fa epo láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Pọ́ǹpù náà a máa tètè kú. Epo tí ń kọjá ni ó ń mú kí pọ́ǹpù injector VP44 tutù, òun náà ni ọ̀rá rẹ̀. Bí epo bá dín, VP44 tí ó wọ́n gógó a bàjẹ́ tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ni ó gbé pọ́ǹpù agbépo wọn lọ sí ìtòsí táǹkì. Ní ti Ford oní-dísù 7.3 líítà, títí di ọdún 1997 abẹ́ turbo ni pọ́ǹpù agbépo ẹ́ńjìnnì fara pamọ́ sí, ibi tí ọwọ́ kì í tètè dé. Nígbà tí ó di 1999, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti fi oníná sára ṣáàsì.

Fún náìnì-ilẹ́fìn, ìyípadà náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan. Pọ́ǹpù agbépo rẹ̀ wà ní gbangba lára pọ́ǹpù injector, ó ní ibi tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, wáṣà àti fáàfù díẹ̀ sì sábà máa ń tó láti tún un ṣe. Hóòsì titun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rà.

Ẹni tí yóò bá ṣe é gbọ́dọ̀ mọ fólítì ọkọ̀ rẹ̀: ọ̀pọ̀ tírélà ń lo 24, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké sì ń lo 12. Epo tí pọ́ǹpù ń gbé gbọ́dọ̀ ju èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jó lọ, nítorí apá kan a máa padà sí táǹkì. Ṣùgbọ́n bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ ju èyí tí pọ́ǹpù injector ń fẹ́ lọ, ó lè já síìlì, kí dísù máa ṣàn sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí ọ́ìlì sì ṣàn bí omi. Fíltà tí ń ya omi sọ́tọ̀ ni kí ó ṣáájú pọ́ǹpù, pàápàá fún ẹni tí ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà.

Wáyà ni ewu wà jù. Pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnnì a dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Oníná tí a so tààrà mọ́ kọ́kọ́rọ́ kì í dákẹ́. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, tí hóòsì já, tí ẹnikẹ́ni kò sì pa kọ́kọ́rọ́, yóò máa da epo sórí irin gbígbóná. Ìdí nìyí tí a fi ń gba iná rẹ̀ láti ara swíìṣì tí agbára ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń tẹ̀: ẹ́ńjìnnì kú, ọ́ìlì rọlẹ̀, iná pọ́ǹpù já. Wáyà mìíràn láti stáátà ni yóò fún un ní iná nígbà tí a bá ń ṣí ọkọ̀, kí ọ́ìlì tó gòkè. Ọ̀nà yìí ni ilé iṣẹ́ GM lò nínú ọkọ̀ oní-dísù 6.5 líítà ní àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n gbogbo iná pọ́ǹpù ni ó ń gba inú swíìṣì kékeré náà kọjá, swíìṣì a sì máa jóná. Rìwáyà tí ó mọṣẹ́ yóò fi rílè sí àárín kí swíìṣì má baà ru ẹrù náà, yóò sì fi fíúsì sí ẹ̀bá bátìrì.

Láti yẹ iṣẹ́ náà wò, a ó yí kọ́kọ́rọ́ láìṣí ọkọ̀, ẹnì kan yóò sì dẹtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Bí pọ́ǹpù bá ń dún láìdáwọ́ dúró, tààrà ni wọ́n so ó.